Ehoro, Baálẹ̀ Koríko Ẹ̀ẹ̀rùn

Àlọ́ mi sọ̀ láti orí òkè, ó gba etí odò, ó lọ balẹ̀ sórí Ehoro, ẹni tí koríko tútù ń wù ju ìyàwó lọ.

Koríko etí odò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Nígbà òjò, orí òkè ni gbogbo agbo màlúù ti ń jẹ, wọn a fi etí odò sílẹ̀ de ẹ̀ẹ̀rùn. Màlúù, olórí wọn, ti ka ẹnu gbogbo wọn. Ó ní, "Koríko yìí á tó wa jẹ títí òjò á fi rọ̀, bí ẹnu kò bá pọ̀ sí i. Bí ó bá tán, àwọn ọmọ wa ló máa kọ́kọ́ kú." Ó wá ku ẹni tó máa ṣọ́ ọ.

Ehoro di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Baba, ẹ fi èmi ṣọ́ ọ. Eyín ń dùn mí. Bí mo bá rí koríko báyìí, ńṣe ni omi ń bọ́ lójú mi."

Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n fi í jẹ Baálẹ̀ Koríko. Kí wọ́n tó yí ẹ̀yìn padà, eyín ti san.

Ká ní òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ ni, ikùn Ehoro mélòó ni? Ṣùgbọ́n ó tún fẹ́ràn ẹ̀pà. Ìmàdò gbé ẹ̀pà wá, ó ní òun fẹ́ jẹun díẹ̀ létí odò.

"Màlúù ti ka ẹnu," Ehoro wí, ó ń wo ẹ̀pà.

"Ṣé ó ka tèmi?"

"Kò kà á."

"A jẹ́ pé n kò lẹ́nu nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ehoro létí. Ìmàdò wọlé, ó pe ìyàwó, ó pe àna, ó pe ará àdúgbò. Gbogbo wọn ń gbé ẹ̀pà bọ̀, kò sì sẹ́ni tó lẹ́nu nínú wọn. Nǹkan tí wọ́n jẹ, ẹ bá mi dúpẹ́ pé wọn kò lẹ́nu!

Bí Màlúù bá béèrè, Ehoro a dọ̀bálẹ̀. "Ó ń dàgbà, Baba. Ẹ má tíì wá wò ó, ojú ń tì í. Bí ẹni ńlá bíi tiyín bá tẹjú mọ́ ọn, kò ní lè ga mọ́."

Inú Màlúù a dùn pé koríko pàápàá mọ iyì òun.

Ọyẹ́ dé. Agbo sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ màlúù ń sáré níwájú. Etí odò ti pá bí orí arúgbó. Ìmàdò àtàwọn ará rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọmọ fi imú tú erùpẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó dunni gan-an.

Ehoro ti múra de ọjọ́ yìí: inú koríko ni yóò sá pamọ́ sí. Ó fò, ó ba mọ́lẹ̀.

"Ehoro, a ń rí ọ," Màlúù wí.

Ó sáré síwájú, ó tún ba.

"A ṣì ń rí ọ."

"Èmi náà ń rí i," ni ohùn kan wí lókè. Idì ni.

Ehoro kígbe, ó kó sábẹ́ ikùn Màlúù. "Baba, ẹ gbà mí!"

Màlúù wo àwọn ọmọ rẹ̀ títí. "N kò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n odò tó kàn jìn, ibẹ̀ là ń lọ. Bí o bá kúrò lábẹ́ mi, ìwọ àti Idì lẹ jọ mọ̀ ọ́n."

Báyìí ni Ehoro ṣe rìn títí òjò fi rọ̀. Bí Idì bá gba iwájú yọ, Ehoro a sún sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí màlúù ń ṣe lójú ọ̀nà, láìdúró, láìkìlọ̀. Orí ẹnì kan ṣoṣo ló ń já lé.

Ẹni tí wọ́n bá fi ṣọ́ nǹkan, kó rántí pé inú rẹ̀ lòun náà ń gbé. Bí mo bá purọ́, ẹ bi Ehoro. Ẹ kàn má sún mọ́ ọn jù, kò tíì wẹ̀.