Ère Àfọ́kù Igbá Tó Jọ Ọ̀bọ

Ààlọ́ o! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dáhùn kó dún: Ààlọ̀! Mo fi ẹsẹ̀ mi tí ọ̀nà ti jẹ búra, ó ṣẹlẹ̀.

Láàárín àwọn ẹranko, bí igbá bá sán, rírán ni wọ́n ń rán an. Ọ̀bọ ní jíjù ni tòun. Ó ń jù ú sínú ìsun omi tí gbogbo wọn ń mu, títí ìsun fi dí, tí omi ò sun mọ́. Ẹ̀gà ṣa nínú àfọ́kù náà, ó rán wọn pọ̀ di ère Ọ̀bọ, ó gbé e sẹ́bàá ìsun, ó ń kọrin:

“Ọ̀bọ, ta ló ni ín?”

Ẹ gbè é: “Tìẹ ni!”

Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín: “Oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀!” Lọ́jọ́ kejì, ó ní: “Ẹ̀gà aláròyé, ó mà jọ mí o.” Lọ́jọ́ kẹta, òǹgbẹ gbẹ ọmọ Ọ̀bọ, ọmọ náà dì mọ́ ẹsẹ̀ ère, ó ń bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀bọ bẹ́ sínú ìsun, ó ń kó àfọ́kù.

Ẹ̀gà bi í pé: “Kí lọmọ ọ̀hún wí?”

Ọ̀bọ ò gbójú sókè. Ó dáhùn: “Ó ní, ‘Bàbá, ẹ fún mi lómi.’”