Ìjàpá àti Ìwalẹ̀ Àkùrọ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Kí ni kúkúrú kan tó ń sin ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé tuntun, tòun ti erùpẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀?

Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ yéé fajú ro, èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí. Ìwalẹ̀ ni. Àlọ́ mi wá fò fẹ̀rẹ̀, ó ré odò kọjá, ó balẹ̀ gbì sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo, níbi tó gbé ń fi ọwọ́ hú ohun tí wọ́n ní kó fi irin gbé. Ẹ máa wo èékánná rẹ̀ bá mi lọ.

Ní ìlú àwọn ẹranko, àkùrọ̀ kan wà létí odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin ata sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Erin tó jẹ́ Baálẹ̀ ló pín in fún wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Bí Erin bá wá wo àkùrọ̀, tó bá ilẹ̀ ẹnikẹ́ni lófìfo, yóò gbà á fún ẹlòmíràn. Ọdún méjì gbáko ni ilẹ̀ Ìjàpá ti wà lófìfo, tí Erin kò wá wò ó. Ní ọdún kẹta, Erin ránṣẹ́ sí i pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ karùn-ún.

“Baálé mi,” Yánníbo ní, “bí wọ́n bá gba ilẹ̀ yìí, ọbẹ̀ aláìláta la ó máa jẹ títí a ó fi kú.”

“Fọkàn balẹ̀,” ni Ìjàpá wí. Ọkàn tirẹ̀ gan-an kò balẹ̀.

Ebè kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń fún irúgbìn ata sí, Òkété ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ Òkété náà ni ìwalẹ̀ wà. Irin pẹlẹbẹ kan ni, ó rí bíi ṣíbí ìbubẹ̀, èèkù igi rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ ti kú, kò sì sí ẹni tó tún mọ̀ ọ́n rọ. Nígbà tí ọmọ ata bá tó í ṣí gbìn, ìwalẹ̀ yóò máa ti ilé dé ilé. Iye ata tí ẹni tó kàn bá fi í ṣí, láti ìgbà tí oòrùn bá rọlẹ̀ títí tí yóò fi wọ̀, tirẹ̀ ni. Ẹni tí ìwalẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ebè.

Ó kan Ìjàpá ṣáájú gbogbo wọn. Òkété gbé ìwalẹ̀ lé e lọ́wọ́.

“Ìjàpá, fi irin gún ilẹ̀ yí i ká. Gbé e tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Má gbọ̀n ọ́n dànù o.”

“Òkété, ṣé ọmọdé ni mí ni?”

“N kò pè ọ́ lọ́mọdé. Mo ní má gbọ̀n ọ́n.”

Ìjàpá ṣí ọ̀kan, ó gbìn ín. Ó ṣí èkejì. Nígbà tó ṣe ẹ̀kẹta tán, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, bẹ́ẹ̀ igbá líle ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ebè. Ọmọ ata lọ súà níbẹ̀. Báwo ni mẹ́ta yóò ṣe kún ilẹ̀? Inú bí i sí ìwalẹ̀. Ó ní irin tó ń gbé ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ọ̀lẹ ni.

Èrò kan wá sọ sí i lọ́kàn. Bí ìwalẹ̀ bá sọnù, ta ni yóò tún sún mọ́ ebè? Ó ki irin náà bọ inú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́bàá ọrùn. Ó ri ara rẹ̀ bọ omi, ó sáré lọ bá Òkété, ó ń sunkún.

“Mo gbé, mo dáràn! Ibi tí mo ti ń ṣan ìwalẹ̀ lódò, odò gbé e lọ!”

Ẹkún ni Òkété bú sí. Òun ni wọ́n fi ìwalẹ̀ sí lọ́wọ́, ilẹ̀ tirẹ̀ náà kò sì tíì ní ata kankan. Ní ọjọ́ kejì, gbogbo ẹranko rọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ odò láti wá irin náà. Ìjàpá nìkan ló kù, ó ní òtútù ń mú òun.

Lọ́sàn-án gangan ló wọ inú ebè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì hú ata, fàà, fàà. Ó gbọn erùpẹ̀ ìdí wọn dànù kí ẹrù má baà wúwo. Ó dì wọ́n ní ìdì ìdì bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n fẹ́ sè. Kí àwọn ará ìlú tó ti odò dé, ó ti gbìn wọ́n tán.

“Ìjàpá, níbo lo ti rí gbogbo èyí?” Ẹtu ló bi í.

“Àwọn tí mo fi ìwalẹ̀ ṣí lánàá ni, kí odò tó gbé e.”

“Gbogbo èyí, ní ìrọ̀lẹ́ kan?”

“Ọwọ́ mi yá.”

Kí ni wọn yóò wí? Ohun tí èèyàn bá fi ìwalẹ̀ ṣí, tirẹ̀ ni. Wọ́n lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ìjàpá jó wọlé.

Ní ọjọ́ kejì tó gbìn ín, ata bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. Ó bomi rin ín. Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Erin, gbogbo rẹ̀ ti sùn sílẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Ìjàpá tú ìgbálẹ̀ Yánníbo, ó fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ata kọ̀ọ̀kan dúró.

Erin dé, gbogbo ìlú tẹ̀lé e.

“Ìjàpá, kí ló ṣe ata rẹ?”

“Baálẹ̀, wọ́n ń sùn ni. Ìrìn àjò ti rẹ̀ wọ́n.” Ló bá fi orin sí i, ẹ̀yin náà ẹ gbè é:

Ẹ rọra tẹlẹ̀ o,
*Ata ń sùn.*
Ẹ má wúkọ́ o,
*Ata ń sùn.*
Ẹ padà lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀,
*Ata ń sùn.*

Orin náà dùn. Erin mi orí sí i, etí rẹ̀ ńláńlá sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbùù. Àwọn ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣubú, ata tẹ̀lé wọn. Mẹ́ta péré ló dúró, wọ́n tutù yọ̀yọ̀. Òkété bẹ̀rẹ̀, ó wa ìdí mẹ́ta náà wò, erùpẹ̀ ebè ṣì dì mọ́ wọn. Ó hú òmíràn, gbòǹgbò rẹ̀ wà níhòòhò.

“Baálẹ̀, mẹ́ta yìí nìkan ló fi ìwalẹ̀ ṣí.”

“Ìjàpá!” Erin ké.

Ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ fa orí wọlé. Orí bá irin pàdé: kan-in! Ó tún fà á: kan-in!

“Kí ló ń dún nínú rẹ?”

“Egungun ni, Baálẹ̀.”

Ẹtu dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ìwalẹ̀ já bọ́ sílẹ̀.

Òkété mú irin rẹ̀, ó nù ún. Kò pariwo. Ó ní, “Ìjàpá, bí a bá fà ọ́ yọ nínú igbá ẹ̀yìn rẹ lọ́sàn-án gangan, tí a gbé ọ sórí yanrìn, ọjọ́ mélòó lo máa lò?”

Ìjàpá fa orí wọlé, kò dún kan-in mọ́.

Erin gba ilẹ̀ náà, ó fi fún Òkété. Wọ́n fún irúgbìn mìíràn. Nígbà tó tó ṣí, Erin ní Ìjàpá ni yóò bá gbogbo ìlú ṣí i, wọn kò sì ní fún un ní irin, torí Ìjàpá fúnra rẹ̀ ló ní ọwọ́ òun yá. Ó fi èékánná wa ilẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, ó ń gbé ata lọ́kọ̀ọ̀kan tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀, títí èékánná tó mú ṣóńṣó fi jẹ, tó pẹlẹbẹ. Ilẹ̀ tó gbìn kẹ́yìn ni èyí tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ata yè, tó kún ibẹ̀. Ìjàpá ló gbìn ín, Òkété ló sì ká a.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí èékánná Ìjàpá fi pẹlẹbẹ títí di òní, tí àwa náà kì í sì í gbọn erùpẹ̀ ìdí ọmọ ata dànù bí a bá ń ṣí i gbìn.

Ibi tí mo sọ àlọ́ mi kalẹ̀ sí rèé. Bí mo bá pa irọ́ mọ́ ọn, kí ata má ta lẹ́nu mi. Bí n kò bá pa irọ́, kí ó ta mí wáí, wáí, wáí!