Irun Tí Fadérera Là

Láti ọjọ́ tí tíṣà àtijọ́ ti na Fadérera níwájú kíláàsì nítorí ìṣirò, bó bá ti rí ṣọ́ọ̀kì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa làágùn.

Tíṣà tuntun, Ìyáàfin Olóyèdé, bá a lábẹ́ igi máńgòrò níbi tó ti ń dirun fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fadérera fi ìdí òòyà la orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún la ìdajì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta ọgbọọgba.

"Bí o bá di apá kan péré, ìdá mélòó nínú orí lo dì?"

"Ìdá kan nínú mẹ́fà, mà." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ohun tí mo kọ sójú pátákó láàárọ̀ tí o fi ń sunkún nìyẹn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá."

Òòyà bọ́ lọ́wọ́ Fadérera.

Nígbà tí wọ́n padà sí kíláàsì, kò dúró kí wọ́n pè é. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya orí kan sójú pátákó, ó là á bí ẹni ń la irun, ó sì yanjú gbogbo ìṣirò tó wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọn ò tíì dirun rẹ̀ tán ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

"Ejò yẹn ńkọ́?" ni tíṣà bi í.

"Ekòló ni, mà. Mo ti fi í sẹ́nu ìwọ̀, mo fi pẹja."