Ìrìn Ìyádùnní sí Òkè tí Èdè Kan Ti Ń Kú Lọ

Mo kí yín o, ẹ̀yin tí ẹ yọ̀ǹda etí fún mi. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Ohun ìyanu ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dé ìdí, nítorí ìtàn tí a kò sọ dé ìdí dà bí ọbẹ̀ tí a kò fi iyọ̀ sí.

Ìyádùnní, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, obìnrin gíga bí ọ̀pẹ, onísùúrù bí ìgbín tí ń gun àgbọn, fi ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ èdè Fiẹtináàmù, ó kọ́ ti Kàǹbódíà, ó sì rí i pé ẹbí kan náà ni wọ́n, pé wọ́n tún ní àwọn ìbátan tí ó fọ́n káàkiri orí òkè títí dé ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn ará ilé rẹ̀ a máa bi í pé, "Kí ló gbé ọ dé ìdí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò bá wa tan?" Òun a sì dáhùn pé, "Gbogbo ẹni tí ń fọhùn ló bá mi tan."

Nígbà tí ó gbọ́ pé lára ẹbí náà, èdè kan wà tí ó ku arúgbó kan ṣoṣo tí ń sọ ọ́, Yà Sréng lórúkọ rẹ̀, àti pé àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ lórí òkè tí òjò kì í dá, Ìyádùnní dìde. Ó la igbó oparun tí ń mí bí ènìyàn kọjá, ó sọdá odò tí omi rẹ̀ ń ṣàn gòkè, ó sì dé ibodè kan tí iwin onírun kùrukùru jókòó sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó ṣáájú rẹ̀ wà níbẹ̀, gbogbo wọn ti di òkúta, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀.

Iwin ní, "Ọ̀rọ̀ méjì ni n ó sọ. Ọ̀kan ni ìyá, ọ̀kan ni ikú. Èwo ni ìyá?"

Ó sọ wọ́n. Etí Ìyádùnní tí ó mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọ̀kọ̀ láìronú, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gbọ́ nígbà méjèèjì. Ìyádùnní kúnlẹ̀, ó ní, "Baba, n kò gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un sọ fún mi."

Iwin nawọ́ sí àwọn òkúta náà. "Àwọn wọ̀nyí sọ pé àwọn gbọ́ ọ," ni ó wí. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà síwájú ẹnu ara rẹ̀, ó tún un sọ, ó tún un sọ, títí ọwọ́ fi mọ ohun tí etí kò mọ̀: ọ̀rọ̀ kan gbẹ, èkejì ru èémí gbígbóná jáde bí ooru ìkòkò.

"Òkú kì í mí. Èyí tí ó ní èémí ni ìyá," ni Ìyádùnní wí. Ọ̀nà sì là. Ẹ̀yin ènìyàn mi, abèèrè kì í ṣìnà. Ojú tí ń tì wá láti bèèrè ni ó ń sọ wá di òkúta.

Ó bá Yà Sréng lẹ́bàá ààrò, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n èdè ọjà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkè nìkan ni ọmọ náà gbọ́. Ìyádùnní kúnlẹ̀, ó pe arúgbó náà ní ìyá, pẹ̀lú èémí. Yà Sréng la ojú, omi sì bọ́ níbẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá iná sọ̀rọ̀," ni ó wí. "Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

Láti ọjọ́ náà ara ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó kọ́ Ìyádùnní ní èdè náà, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì fà mọ́ wọn, òun náà kọ́ ọ; nígbà tí Yà Sréng sì lọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, èdè rẹ̀ ni wọ́n fi dárò rẹ̀.

Ìyádùnní di àgbà olùkọ́ tí ayé ń júbà fún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kí i, òun a ní, "Àwọn tí ó dá mi lóhùn ni kí ẹ kí." Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, bí ìmọ̀ yín bá ga bí òkè, ẹ rántí ẹni tí ó fi sùúrù tún ọ̀rọ̀ sọ fún yín, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́.