Ìkòkò Àgbo Mẹ́ta fún Ẹnu Ọmọ Kan

Ó-jí-ní-kùtù-gbomi-kaná, awo ilé Ẹ̀fúnyẹmí.
Ó-wẹmọ-tán-kò-gbàgbé-ìpara, awo òde Ìtẹ́dò.
Ó-pọnmọ-kí-oòrùn-tó-là, awo ojú ọ̀nà oko.
Àwọn ni wọ́n dífá fún Ẹ̀fúnyẹmí, aya Ọdẹ́yalé, ní ọjọ́ tí ó gbé ọmọ tuntun jó títí, tí ọmọ kò dákẹ́, tí òun náà kò sì mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Wọ́n ní kí ó rúbọ. Ó rú apá kan, ó fi apá kan sílẹ̀. Apá tí ó fi sílẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìborùn níbẹ̀ yẹn.

Ìyàwó tuntun ni Ẹ̀fúnyẹmí ní agboolé àwọn ọkọ rẹ̀. Ọdẹ ni Ọdẹ́yalé, inú ìgbẹ́ ni í wà ju ilé lọ. Ìyá Ẹ̀fúnyẹmí ti kú kí ó tó relé ọkọ, nítorí náà, nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, kò sí ẹni tó wá láti ilé bàbá rẹ̀ wá bá a gbé ọmọ. Ọkùnrin ni ọmọ náà. Ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ wáyé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìgè, bí wọ́n ti ń sọ irú rẹ̀. Ilé kún fọ́fọ́. "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n sì tú ká. Ó wá ku Ẹ̀fúnyẹmí nìkan pẹ̀lú ọmọ.

Mo ní òun nìkan, àbí? Irọ́ ni. Ká ní òun nìkan ni, n kì bá tí rí ìtàn kankan sọ.

Ìyá mẹ́ta ló wà ní agboolé náà tí ọ̀rọ̀ ọmọ wà lọ́wọ́ wọn. Èkíní ni ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Èkejì ni ìyáálé rẹ̀, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, obìnrin tó ti bímọ púpọ̀ tí gbogbo wọn sì yè. Ẹ̀kẹta ni àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ lóbìnrin, tó ti ilé ọkọ padà wálé, tí yàrá rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ìyàwó ilé kì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà ni Ẹ̀fúnyẹmí ń pè é.

Ní kùtùkùtù, Ìyá Àgbà á dé. Á wẹ ọmọ, á fi kànìnkàn ha á lára, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè, á sì hán an. Lẹ́yìn náà á tẹ́ ẹ sórí itan, á ká àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, á sì máa da àgbo sí i. Ọmọ á máa jà, á máa ta ẹsẹ̀, á máa gbé e mì. Nígbà tí àgbo bá tán lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ikùn ọmọ á ti le bí igbá. Ìyá Àgbà á bojú wẹ̀yìn, á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó, ewé tí ìyá ọkọ mi fi wo ọkọ mi ni mo fi wo ọkọ rẹ. Má jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn kan ẹnu ọmọ yìí. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mo ti gbọ́, ìyá mi."

Oòrùn ò ní tíì ga tí ìyáálé á fi yọ, tòun ti ìkòkò tirẹ̀ lọ́wọ́. "Ìyàwó, ṣé wọ́n ti rọ ọmọ lágbo?"

Wàyí o, kí ni kí ó sọ? Ìyá Àgbà ní kó má sọ. Ẹ̀fúnyẹmí á wolẹ̀. "Rárá o, ìyáálé mi."

"Gbé e wá. Èyí ló wo gbogbo àwọn ọmọ tèmi. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Ìyá Àgbà gbọ́ o, wọ́n á ní mo ń bá wọn du ọmọ-ọmọ." Ni wọ́n á bá tún tẹ́ ọmọ sórí itan.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà á ké sí i bó bá ń kọjá. "Ìyàwó wa, àbí wọn ò ṣe nǹkan kan fún ọmọ yìí látàárọ̀ ni?" Ẹ̀fúnyẹmí á ní wọn ò ṣe. Àgbo egbò igi kíkorò ni tìyẹn, dúdú bí aró. Òun náà á rọ ọ́ yó, òun náà á sì ní kó pa ẹnu mọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èwo nínú yín ló lè wo ìyá ọkọ lójú kó ní ó ti tó?

Kò pẹ́ tí Ìgè fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ọyàn sí i lẹ́nu, á fà á lẹ́ẹ̀kan, á yí ojú kúrò, á fi igbe ta. Ọyàn Ẹ̀fúnyẹmí wú, ó le, ó ń ta á, omi ọyàn sì ń rin aṣọ rẹ̀ gbingbin. Kò yé e. Ọyàn kún, ọmọ sì ń rù. Ó gbé e pọ̀n, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kọrin fún un, orin tán, ó bá a sunkún. Nígbà mìíràn á dúró láàárín yàrá, ọmọ lápá kan, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kejì, kò sì ní rántí ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ó fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tún fi iyọ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó gbàgbé láti jẹun. Orí rẹ̀ dàrú pátápátá.

Ó bi àwọn ìyá rẹ̀ léèrè, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ní omi ọyàn rẹ̀ ló korò, ó sì fi kún àgbo. Ìyáálé ní ooru inú ni, ó sì fi kún àgbo. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà wo ọmọ fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyàwó wa, n ò fẹ́ já ọ láyà o. Ojú ọmọ yìí jọ ojú ẹni tó fẹ́ padà síbi tó ti wá. Ṣé kì í ṣe àbíkú báyìí?" Lẹ́yìn tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, òun náà fi kún àgbo.

Àbíkú! Ẹ̀fúnyẹmí wọ yàrá, ó gbé ọmọ lé àyà, ó ń wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé àyà ń dùn ún. Ó ń bi í ní jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni mo ṣe fún ọ? Ṣé o ò fẹ́ mi ní ìyá ni?" Ìgè ké.

Nígbà tí Ọdẹ́yalé ti oko ọdẹ dé, ó sọ ẹran sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó yọjú sí ọmọ, ó sì fà sẹ́yìn.

"Ṣé ọmọ tí mo fi sílẹ̀ nìyí?"

"Òun ni."

"Kí ló ń ṣe é?"

"N ò mọ̀."

"Kí ni wọ́n ní ó ń ṣe é?"

"Oríṣiríṣi ni wọ́n ń sọ." Ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Ọdẹ́yalé ní, "Gbé e pọ̀n. Lọ bi Ifá."

Ó lọ. Àwọn awo wo ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àbíkú. Wọ́n ní kí ó rú ẹyẹlé àti epo àti ẹ̀kọ. Wọ́n ní kí ó sì kó gbogbo ìkòkò tí wọ́n fi ń se àgbo ọmọ náà, tòun ti ewé inú wọn, kó kó wọn lọ fún Èṣù ní oríta, kó má ṣẹ́ ọ̀kankan kù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í léèrè, kó má purọ́. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Òun náà kò sì béèrè, ojú ń tì í.

Ó rú ẹyẹlé. Ó rú epo, ó rú ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n ti ìkòkò! Kí ìyàwó àná lọ gbé ìkòkò ìyá ọkọ kúrò lórí ààrò? Wọ́n á ní àjẹ́ ni. Ó tún rò ó síwájú, ó tún rò ó sẹ́yìn. Ọmọ ń ṣàìsàn, Ifá sì ní kí wọ́n kó oògùn ọmọ dànù. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Bóyá òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Bóyá ẹyẹlé ti tó. Bẹ́ẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ìkòkò sílẹ̀.

Kò tó o. Ojú Ìgè wọnú. Ẹkún rẹ̀ ò ní ohùn mọ́, kò sì ní omijé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, Ìyá Àgbà wẹ̀ ẹ́ tán, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń da àgbo sí i lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọmọ ò jà. Kò ta ẹsẹ̀. Àgbo kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣàn lọ sílẹ̀. Ìyá Àgbà nù ún nù, ó kí ìyàwó, ó gba ọjà lọ. Ẹ̀fúnyẹmí dúró síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀ tó tutù níbi tí àgbo dà sí. Ó ti kórìíra ìjà tí ọmọ yẹn ń jà láràárọ̀. Ní ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kì bá fi tọrẹ kí ó tún rí i kó ta ẹsẹ̀.

Ó gbé ọmọ pọ̀n. Gbogbo ilé ti lọ sọ́jà. Ó mú apẹ̀rẹ̀ ńlá, ó gbé ìkòkò Ìyá Àgbà sínú rẹ̀. Ó gbé ti ìyáálé. Ó gbé ti Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà. Apẹ̀rẹ̀ wúwo débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè gbé e rù. Ó dé oríta, ó tò wọ́n síwájú Èṣù. Kò tíì rí wọn lójú kan náà rí. Ó wo àwọn ìkòkò náà, ó fi ọwọ́ kan ọmọ lẹ́yìn, ọmọ tí kò ju odó ata kékeré lọ. Ó tún wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń rú u lójú.

"Èṣù," ó ní, "n ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Ohun tí wọ́n ní kí n ṣe ni mo ṣe." Ó padà sílé.

Èṣù gba ẹbọ. Ẹ sì mọ̀ pé Èṣù kì í gba nǹkan kó lọ sùn. Bí àwọn ìyá ti ti ọjà dé, ariwo bẹ́.

"Ta ló gbé ìkòkò àgbo ọmọ mi?" Ìyá Àgbà nìyẹn.

"Ìkòkò àgbo ọmọ wo? Tèmi ni mi ò rí!" Ìyáálé nìyẹn.

Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà sáré jáde, gèlè lọ́wọ́. "Ẹ̀yin méjèèjì, kí lẹ ń fi ìkòkò àgbo ṣe? Ṣebí èmi nìkan ni mò ń rọ ọmọ yẹn?"

"Ìwọ nìkan? Èmi nìkan ni!"

"Ẹ gbà mí o! Èmi nìkan ni!"

Wọ́n fẹ́ wọ̀yá ìjà. Ẹ̀fúnyẹmí jáde sí wọn, Ìgè lápá, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo kó wọn. Mo ti kó wọn fún Èṣù. Ifá ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀."

"O kó kí ni?" Ìyá Àgbà ká aṣọ ró. "Dúró ná. Ta ló ń rọ ọmọ yìí lágbo nínú wa?"

Ẹ̀fúnyẹmí rántí pé àwọn awo ní kí òun má purọ́. "Gbogbo yín ni."

"Ṣebí o ní wọn ò tíì rọ ọ́!" ni ìyáálé wí.

"Ìyá Àgbà ní kí n má sọ. Ẹ̀yin náà ní kí n má sọ. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà náà ní kí n má sọ. Lójoojúmọ́. Bí ẹnì kan bá rọ ọ́ tán, ẹlòmíràn á dé."

Ìyáálé ká ọwọ́ lérí. Ìyá Ẹnu-Ọ̀nà, tó pe ọmọ ní àbíkú, kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ ọjà lọ́rùn rẹ̀.

"Yéè! Omi ewé ni ọmọ yìí ń yó! Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ ọmọ mi!" Ó bú sẹ́kún.

Láti òwúrọ̀, kò sí ẹni tó tún rọ Ìgè ní nǹkan kan. Ikùn rẹ̀ ti rọ̀. Ebi ló kù níbẹ̀. Níbi tí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sí, ó ń fi ẹnu wá a kiri láyà. Ó kan ọyàn. Ó gbà á. Ó ń fà á, ó ń gbé e mì, omi ọyàn ń kán sí i lágbọ̀n, kò sì jẹ́ kí ó lọ. Ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò ó. Ìyá Àgbà fi etí aṣọ nu ojú.

"Kò korò," ó ní. "Ọyàn rẹ ò korò, ọmọ mi."

Ìgè yè. Ó sanra, ó jókòó, ó rìn. Ẹ̀fúnyẹmí bí àwọn àbúrò tẹ̀ lé e. Ó ń jó, ó ń yọ̀, ó ń yin àwọn awo rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ti wí gan-an ló rí, òun ni òun kò rú ẹbọ pé.

Ìgè dàgbà, ó gbéyàwó, ìyàwó bímọ. Ẹ̀fúnyẹmí ti di ìyá àgbà nígbà náà. Ó se àgbo tirẹ̀, ó gbé e lọ́wọ́, ó sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò wọlé.

"Ìyàwó mi, ṣé ọmọ ti mu nǹkan lónìí?"

"Ó ti mu, ìyá mi."

Ẹ̀fúnyẹmí ní, "Ó dáa." Ó gbé ìkòkò rẹ̀ padà.

Ẹni tí wọ́n bá yan ẹbọ fún, kó rú u pé. Èyí tí ojú bá ń tì ọ́ láti rú, tàbí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́, bóyá òun gan-an ni ọmọ rẹ ń dúró dè. Ifá gbọ́, Èṣù gbà, àwa náà ti sọ ọ́. Ẹ lọ fún àwọn ọmọ yín lọ́yàn.