Ọmọńlé Tó Tú Àṣírí Ààfin

Àlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi rìn gbéregbère, ó lọ lẹ̀ mọ́ Ọmọńlé lára ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ, Ẹkùn ọba ẹranko fẹ́ràn ìlú rẹ̀ débi pé ó fi ọmọńlé kọ̀ọ̀kan sí yàrá ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó máa bá a tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ehoro bú ọba ní yàrá, ọba bá a wí láàárọ̀. Ehoro ní, "Ìyàwó mi ló lọ sọ." Ó lé e lọ sílé bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀ sí Àgbò, òun náà lé ìyàwó tirẹ̀. Nígbà tí Túúkú ń ju ẹrù ìyàwó tirẹ̀ síta, Ọmọńlé ilé náà kò lè mú un mọ́ra. Ó kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Túúkú, má lé aya rẹ o,
Jáńjálá.
Èmi ni mo sọ fọ́ba,
Jáńjálá.

Wọ́n wọ́ Ọmọńlé lọ sáàfin. Ẹkùn ní, "O tú àṣírí ìlú."

Ọmọńlé ní, "Kábíyèsí, àṣírí tiwọn ni. Mo kàn dá a padà fún wọn ni."

Ẹkùn yíjú sí àwọn ẹranko. "Akọni ni àbí ọ̀dàlẹ̀?"

"Ọ̀dàlẹ̀ ni, Kábíyèsí." Ohùn Túúkú ló ròkè jù. Wọ́n lé Ọmọńlé wọ igbó.

Àwọn ìyàwó padà sílé ọkọ. Ìyàwó Túúkú rọra bi í pé, "Baálé mi, ó ku àwa méjì. Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni lóòótọ́?"

Túúkú wo ọmọńlé tuntun lára ògiri. Ó ní, "Ọba wa lẹ́wà gan-an o."

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sùn sí. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn, kó lọ sọ ọ́ lóko, kó má sọ ọ́ nílé mi.