Bí Fìlà Ọdún Ṣe Dé Orí Àkùkọ

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, ọyẹ́ sì mú débi pé ètè gbogbo ẹranko ti là. Kùrukùru bo igbó. Òòrùn yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rí bí àwo funfun kan tí ẹnìkan gbé kọ́ ojú ọ̀run. Kò lè mú ìrì gbẹ lára koríko.

Láyé ìgbà yẹn, àkùkọ kì í kọ. Orí rẹ̀ ń dán bí ẹyin, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní: òun ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọdún.

Ọdún wo? Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá dé tó sì rẹ Òòrùn, ẹ̀rù á ba àwọn ẹranko pé bóyá kò ní í yọ mọ́. Wọn á dáná ńlá, wọn á fi imọ̀ ọ̀pẹ pa àtíbàbà, wọn á sun iṣu, wọn á jó, kí inú Òòrùn lè dùn, kó sì tún padà gbóná.

Àkùkọ á jókòó sẹ́nu àtíbàbà. Ẹni tó bá dé, á bi í pé, "Ọdún ta ni?" Bí onítọ̀hún bá ní, "Ọdún Òòrùn ni," á wọlé. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní í fẹnu kan iṣu.

Ẹlẹ́dẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n.

"Ọdún ta ni?"

"Ọdún iṣu ni."

"Padà sílé."

"Bàbá Òròmọ, ẹ má bínú. Ọdún ọbẹ̀ ni, àbí?"

"Padà sílé, Ẹlẹ́dẹ̀!"

Ó ṣe, Àdàbà fò wá láti ọ̀nà jíjìn. Kò béèrè iṣu. Ó ní wọ́n ti bí Ọmọ kan sí ibùjẹ ẹran, Ọmọ tó mú àlàáfíà wá fún gbogbo ayé, òun sì ń wá ọjọ́ tí wọn yóò máa fi yọ̀ fún un.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?" Àkùkọ bi í.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ẹ jẹ́ ká jọ máa lo ọjọ́ tiyín. Iná ti wà nílẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ ti wà nílẹ̀, gbogbo yín náà sì ti pé."

"Kí ni Òòrùn á wá wí?"

"Ṣé Òòrùn kì í ràn sára ọmọ tuntun ni?"

Àkùkọ gbójú sókè wo Òòrùn. Ó bá gbà. Ẹni tó ní "Ọdún Òòrùn ni" ń wọlé, ẹni tó ní "Ọdún Ọmọ ni" náà ń wọlé. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ Ọmọ ni gbogbo wọn ń sọ, nítorí orin Àdàbà dùn létí.

Àárọ̀ ọlọ́yẹ́ tí à ń sọ yìí ni Ọ̀bọ oníṣòwò dé. Ó dé fìlà pupa, ó fi òwú ṣe irùngbọ̀n, ó sì gbé àpò ńlá kọ́ èjìká.

"Ọdún ta ni?" Àkùkọ bi í.

"Hó hó hó! Tiyín ni, Bàbá Òròmọ! Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sínú òtútù, tí ẹnikẹ́ni kì í kí yín."

Kò sẹ́ni tó sọ irú rẹ̀ fún Àkùkọ rí. Orí rẹ̀ wú. Ọ̀bọ da ìrẹsì síwájú rẹ̀.

"Ẹ máa jẹ. Ìbéèrè yín yìí ló ń dá èrò dúró. Ọbẹ̀ ń tutù, ọjà mi náà ń tutù."

Àgbébọ̀, ìyàwó Àkùkọ, fà á ní ìyẹ́. "Bàbá Òròmọ, bí ẹ kò bá bi wọ́n mọ́, ta ni yóò rántí?"

"Ìyá Òròmọ, jẹ́ kí n jẹun. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n."

Ẹnu tó kún fún ìrẹsì kò lè béèrè nǹkan kan. Ẹlẹ́dẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé. "Ẹ kú ọdún o!" ló ń wí, kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Èrò wọ́ tẹ̀lé e.

Nínú àtíbàbà, Ọ̀bọ ń ta fèrè àti awò ojú aláràbarà, orin sì ń dún gbùngbùn. Kò pẹ́ tí iṣu fi tán.

"Ẹran dà?" ni gbogbo wọn ń kígbe.

"A kì í pa ẹran níbí," Àdàbà ní. "Ọmọ tuntun kì í jẹ ẹran." Ariwo orin kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ọ̀bọ pàtẹ́wọ́. "Ká bi ẹni tó ni ọdún. Ta ló ni ín?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Àdàbà dáhùn, orin tún bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀; nínú àwọn yòókù, kò sẹ́ni tó rántí.

"Ó dáa. Ẹni tó bá sanra jù ni ká pa."

Gbogbo ojú yí sí Ẹlẹ́dẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Eegun ló kún ara mi! Ẹ wo ẹnu ọ̀nà!"

Àkùkọ ló wà níbẹ̀, tí ìrẹsì mú ọ̀fun rẹ̀ wú bí àpò. Ọ̀bọ mú ọ̀bẹ, ó fò mọ́ ọn.

Ìbẹ̀rù mú kí ohùn tí Àkùkọ kò mọ̀ pé òun ní jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ọdún ta ni o-o-o?"

Fèrè bọ́ lẹ́nu àwọn tó ń jó. Ọ̀bọ pàápàá la ẹnu sílẹ̀, ó ń wá èsì. Ibi tó ti ń wá a ni Àkùkọ ti fi ẹnu já fìlà pupa orí rẹ̀ gbà. Ọ̀bọ fà á, Àkùkọ fà á, etí fìlà ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àkùkọ dé e mọ́rí, òun àti ìyàwó rẹ̀ fò lọ sórí igi ọ̀dán. Ó gé ẹ̀rún kan lára fìlà náà fún Ìyá Òròmọ, òun náà dé e.

"Ẹ dá fìlà mi padà!" Ọ̀bọ kígbe nísàlẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ bá dá mi lóhùn!"

Fìlà náà lẹ̀ mọ́ Àkùkọ lórí, kò sì ṣí mọ́ títí dòní. Ó ṣeni láàánú pé fìlà yẹn náà ni wọ́n fi ń dá a mọ̀: bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, ẹni tó ń wá ẹran á máa wá ẹni tó dé fìlà pupa. Ìdí nìyí tí àkùkọ fi ń tètè jí, kó lè béèrè kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjú sí ibi tí Òòrùn yóò ti yọ.

"Ọdún ta ni o-o-o?"

"Ọdún ọbẹ̀ ni!" Ẹlẹ́dẹ̀ dáhùn láti inú ẹrẹ̀.

Àkùkọ na ọrùn, ó tún béèrè.